Kí ni kí n dà sílẹ̀ ọgbà adìẹ mi kí ẹrẹ̀ lè kúrò níbẹ̀?

Télọ̀ Àpáta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àpáta ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, aṣọ ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé, adìẹ mi wà lẹ́yìnkùlé: àgbébọ̀ 16, àkùkọ 3. Mo fi pákó kan ilé kékeré fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu. Ọgbà tí mo fi nẹ́ẹ̀tì yí ká níwájú ilé wọn, níbi tí wọ́n ti ń jẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ni mo torí rẹ̀ wá.

Ọgbà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 20 ní gígùn. Páànù bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lápá ilé wọn, ìyókù wà ní gbangba òjò. Amọ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nínú ẹ̀rùn tí mo kọ́kọ́ tú wọn síbẹ̀, koríko ló kún un. Wọ́n jẹ koríko tán, wọ́n wa gbòǹgbò rẹ̀ jáde, wọ́n tún gbẹ́ kòtò káàkiri níbi tí wọ́n ti ń da eruku sára. Òjò wá dé. Kòtò kún fún omi, ìyókù di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bí adìẹ bá rìn níbẹ̀, ẹrẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á gbẹ, á di kókó lé èékánná rẹ̀ lórí. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo fi ń rẹ ẹ́ kó tó ṣí. Ẹrẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń gbé wọnú ibi tí wọ́n ń yé sí, kò wá sí ẹyin tí mo mú tí mi ò kọ́kọ́ nù.

Ti òórùn tún wà níbẹ̀. Ìyá kan tó wá wọn aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fi ìborùn bo imú láti ìgbà tí mo ti ń wọn èjìká títí mo fi wọn ẹsẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi náà ní imú.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ti fún mi pọ̀. Lánlọ́ọ̀dù mi ní kí n da kọnkéré. Ìyá ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé òjò ò ní rọ̀ títí ayé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kó sọ́dọ́ọ̀sì fúnni lọ́jà pákó ní Bódìjà. Ọmọṣẹ́ mi náà dá sí i: "Ọ̀gá, àjákù aṣọ kún àpò lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ ò ṣe kó o dà síbẹ̀?" Èmi fúnra mi ń ro yanrìn. Owó tó wà lọ́wọ́ mi lè ra ìdajì típà kékeré, kò tó kọnkéré.

Èwo ló máa dúró nínú òjò tí mi ò ní máa ra òmíràn ní gbogbo ìgbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti lò ó ni kó dá mi lóhùn.

Ìyá Ẹlẹ́yin Ìwó Road:

Télọ̀, o kú iṣẹ́ o. Kí n tó sọ̀rọ̀ yanrìn: omi orí páànù tó o sọ yẹn, ibo ló ń dà sí? O wọn ìbú, o wọn gígùn, o ka adìẹ, iṣẹ́ télọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò sọ ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Ohunkóhun tó o bá dà sórí omi, omi ló máa jẹ ẹ́, yálà o rà á ni o tàbí ọ̀fẹ́ lo gbà á.

Nígbà tí òjò bá tún ṣú, má kàn jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mú agbòjò, dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí o wo bí omi ṣe ń rìn. Mẹ́ta lo máa rí. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti orí páànù wà níbẹ̀. Àgbàrá tó ń ti apá òkè wá, láti àgbàlá ẹlòmíràn tàbí láti ojú títì, wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni òjò tó ń rọ̀ sórí ọgbà gan-an. Méjì àkọ́kọ́ ò kan yanrìn rárá, ọkọ́ àti páànù ni ọ̀nà wọn. Ẹ̀kẹta yẹn nìkan ni ohun tí a bá dà sílẹ̀ lè bá jà. Mo ti rí ẹni tó da típà odidi síbi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án dé, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti lọ fi ṣọ́bìrì kó yanrìn rẹ̀. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìwọ náà má gbà fún un.

Ti páànù rọrùn. Gba àjákù páànù kan, ká a sínú kó di ojú ìṣàn, kàn án mọ́ etí òrùlé ilé adìẹ, jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ sápá kan, kí o sì gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. O ti rí omi tí wàá fi máa fọ agbada tí wọ́n fi ń mu omi nìyẹn. Ti àgbàrá, gbẹ́ ojú omi sápá òkè nẹ́ẹ̀tì, kó jìn tó ẹnu ọkọ́ kan, kó yí omi lọ sí gọ́tà. Kó búlọ́ọ̀kù ìlà kan sídìí nẹ́ẹ̀tì yí ká. Búlọ́ọ̀kù yẹn ló máa di yanrìn mú pẹ̀lú, torí pé adìẹ kì í wa ilẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tàn án sí, wọ́n á sì tàn án gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì jáde tí kò bá sí ohun tó dá a dúró.

Lẹ́yìn èyí, ha ojú ilẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀ yẹn kúrò. Má da yanrìn lé e. Yanrìn tí a dà sórí ẹrẹ̀ tó ti pò pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ á rì sínú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi di ohun kan náà. Ibi tó o bá ha, fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ilẹ̀ pupa gbígbẹ kún un, gún un kó le, kí àárín rẹ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ díẹ̀, kí igun kan sì rẹlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Igun yẹn ni omi á máa gbà jáde. O ní tépù, o ní okùn, o mọ bí wọ́n ṣe ń wo ohun tó tẹ́ àti ohun tó dagun.

Nígbà náà ni yanrìn tó kàn. Kì í ṣe yanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri o. Èyí tó rọ̀ yẹn, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, òjò kan ló máa lẹ̀ mọ́ra. Yanrìn odò tó ní hóró ni kí o rà. Bí onítípà bá ń búra fún ọ pé odò ló ti kó o, bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, da omi sí i, mì í dáadáa, kí o gbé e kalẹ̀. Hóró á lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Amọ̀ ni yóò pẹ́ kó tó balẹ̀, orí yanrìn ló sì máa jókòó sí. Bí amọ̀ yẹn bá nípọn, sọ fún un pé o ò rà mọ́, jẹ́ kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ó ṣe máa pọ̀ tó: ibi tí òjò ń pa jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Bí yanrìn bá ga ní íǹṣì 4 níbẹ̀, bí tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ló máa gbà. Ìdajì típà tọ́ọ̀nù 5 tó o ń wò yẹn á tó ọ. Bí owó bá gbà, jẹ́ kó ga tó íǹṣì 6, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń bá ráàkì lọ.

Yanrìn ò lè jẹrà, òun fúnra rẹ̀ ò ní rùn. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ ìgbẹ́ adìẹ mọ́ra o, orí rẹ̀ ni ìgbẹ́ máa wà títí wàá fi kó o. Àárọ̀ ni mo máa ń fi ráàkì gbá tèmi, nígbà tí oòrùn ò tíì mú, tí ìgbẹ́ ti gbẹ díẹ̀ tó sì ṣeé fi ráàkì gbá jọ. Kì í pẹ́ rárá. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lójoojúmọ́, kó má da yanrìn.

Abẹ́ páànù ńkọ́? Ibẹ̀ yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí òjò ò dé ibẹ̀, ohun gbígbẹ tó ń fa omi mọ́ra ni kó wà níbẹ̀: pákó fífá tí ìfági fá, ewé gbígbẹ, háríhá àgbàdo tí o ti gé wẹ́wẹ́. Jẹ́ kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Má gbá a dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Da èyí tó tútù kúrò, da gbígbẹ lé e, kí o fọ́n àgbàdo díẹ̀ sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí àwọn fúnra wọn máa tú u ká. Fi igun kan sílẹ̀ fún iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ àti eérú díẹ̀ tí wọ́n á máa fi pa iná ara wọn, ṣùgbọ́n kí eérú má tutù, eérú tútù ń bó adìẹ lẹ́sẹ̀.

Ní ti àjákù aṣọ, kí ọmọṣẹ́ rẹ dákẹ́. Òwú kan péré á wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ adìẹ, bó ṣe ń fà á ni yóò máa há, ìka á wú, á dúdú, á já. Èyí tó bá sì gbé e mì, á dì sí àpò oúnjẹ ọrùn rẹ̀. Mi ò tíì sọ ti pínnì àti abẹ́rẹ́ o. Ohun tó bá ti ń dán, adìẹ á ṣá a jẹ ni. Gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ sọ́tọ̀, má ṣe da ìgbálẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé rárá.

Ọmọ Onípákó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, Bódìjà tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ yẹn ni mo dàgbà sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn ò ní sọ fún yín níbẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ fún yín. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tútù ni igi yẹn, sọ́dọ́ọ̀sì tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tútù, ó sì kúnná. Òun ni ọ̀fẹ́, torí wọn ò rí ibi kó o sí, bó bá pẹ́ wọ́n á dáná sun ún. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ìfági ń fá lára pákó tó ti gbẹ. Ìyẹn fẹ̀, ó ká, ó fúyẹ́. Àwọn tó ń sin adìẹ púpọ̀ ti ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò ní rí i lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òun ni Ìyá wa ń sọ.

Bí ẹ bá da sọ́dọ́ọ̀sì kíkúnná síbi tí òjò ń pa, á wú bíi gààrí. Oòrùn á gbẹ òkè rẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti gbẹ tán, abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa rà. Nínú ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, eruku rẹ̀ á máa kó sí wọn nímú.

Ẹ béèrè irú igi tó jẹ́. Arère dára, àfàrà náà dára. Bí wọ́n bá ní ọfun ni, ẹ fi í sílẹ̀. Àwa tí a ń là á gan-an, sísín là ń sín, imú a máa ta wá, ara ẹlòmíràn tilẹ̀ ń yún un. Eruku ìrókò náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Ẹ má kó ti káfíńtà tó ń kan òrùlé, torí wọ́n ti fi oògùn ikán kun púpọ̀ nínú pákó yẹn. Èyí tó wá láti ara pílíwúùdù náà, gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó bù ú sínú àpò, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì. Bó bá gbóná, ó ti ń jẹrà, ẹ lọ sídìí òmíràn. Àwọn ọmọ tó ń bá yín bù ú, ẹ fún wọn ní nǹkan, ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá dé wọ́n á fọwọ́ ara wọn ṣa èyí tó gbẹ fún yín.

Ẹ má tún kó àpò tó ṣẹ́kù ti ògiri ilé. Ikán á gba ibẹ̀ dé férémù ilẹ̀kùn. Adìẹ fẹ́ràn ikán lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè bá yín jẹ èyí tó ti wọnú férémù.

Bíríkìlà Ẹlẹ́yẹlé:

Kọnkéré ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ lè rò pé mò ń polówó. Lánlọ́ọ̀dù yín mọ ohun tó ń ṣe: kọnkéré ò ṣeé kó sọ́kọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Ṣùgbọ́n ó níbi tó ti wúlò. Eku, òkété, gbogbo ohun tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, kọnkéré ló lè dá wọn dúró. Ẹ ò nílò láti da gbogbo ọgbà. Ẹ gbẹ́ ìdí nẹ́ẹ̀tì yí ká, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ri ìsàlẹ̀ nẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ẹ da kọnkéré díẹ̀ sí i, kí ẹ wá to búlọ́ọ̀kù tí Ìyá ń sọ lé e lórí. Ẹ fi ihò sílẹ̀ nígun tó rẹlẹ̀, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu rẹ̀.

Ẹni tó bá ní owó tó sì fẹ́ da gbogbo rẹ̀, kó jẹ́ kó dagun, kó sì tún da yanrìn tàbí pákó fífá lé e lórí. Ilẹ̀ líle gbalasa a máa dá egbò sí adìẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, pàápàá àwọn tó wúwo. Owó méjì nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́yin Ìwó Road:

Bíríkìlà, o ṣeun, òótọ́ lo sọ. Ti òkété yẹn, mo ti gbàgbé láti dárúkọ ẹ̀.

Oníresì Ìgbẹ̀mọ:

Èkìtì ni mo wà, ìrẹsì la mọ̀ mọ́ ìlú wa, èèpo ìrẹsì ló ń yọ wá lẹ́nu nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì, ní Ọ̀fàdà tàbí níbí, kó má lọ ra pákó fífá. Èèpo ìrẹsì kì í tètè jẹrà, kì í lẹ̀ mọ́ra, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fa omi mu tó pákó fífá, ó sì fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ á gbé e, àgbàrá á gbé e. Abẹ́ òrùlé ló dára sí, kí a pò ó mọ́ nǹkan mìíràn.

Wo ohun tó ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ dáadáa. Èyí tó bá ní èérún ìrẹsì púpọ̀, adìẹ á dunnú, eku náà á dunnú.

Ẹnìkan bi mí nípa èèpo ẹ̀pà lọ́jọ́ kan. Bó bá gbẹ táútáú, ó ṣeé lò lábẹ́ òrùlé. Bí òjò bá ti kàn án, kó dà á nù, ó yá a láti bu. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ò yẹ kó dé ibi tí adìẹ wà rárá, májèlé wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì jẹ ẹ́.

Olùtọ́jú Ẹran Ọ̀sìn, Òṣogbo:

Gbogbo ohun tí Ìyá sọ nípa omi, ìdí rẹ̀ nínú iṣẹ́ wa nìyí. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, coccidia, inú ìgbẹ́ ló ń bá jáde. Lọ́jọ́ tó jáde, kò tíì lè ran adìẹ mìíràn. Ó fẹ́ ọ̀rinrin, ooru àti atẹ́gùn fún bí ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbó. Ooru ò wọ́n n'Ìbàdàn, atẹ́gùn náà ò wọ́n. Ọ̀rinrin nìkan ló kù tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbẹ́ tí a sì ti kó láàárọ̀ ò ní dúró títí tí yóò fi gbó. Àgbà adìẹ sábà máa ń ní ààbò díẹ̀ lára, òròmọdìẹ ni kò ní, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà. Ẹ má tú òròmọdìẹ síbẹ̀ nínú òjò yìí.

Òórùn tí oníbàárà yín ń gbọ́, amóníà ni. Ìgbẹ́ tó tutù ló ń rùn bẹ́ẹ̀, èyí tó gbẹ ò lágbára. Ẹ lóṣòó kí imú yín bá orí adìẹ dọ́gba, kí ẹ mí síbẹ̀. Bó bá ta yín lójú, ibẹ̀ ni àwọn ń mí láti àárọ̀.

Ohun tí ẹ bá dà sábẹ́ páànù, ẹ máa bù ú lọ́wọ́ kí ẹ fún un. Bó bá dì, tí kò tú ká nígbà tí ẹ ṣí ọwọ́, ó ti tutù jù. Bó bá tú ká láì jẹ́ eruku, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tó ti bu, tó funfun tàbí tó dúdú, ẹ kó gbogbo ibẹ̀ dànù, ẹ má tú u palẹ̀. Èbu yẹn a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, àwọn kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í yanu mí, kò sì sí oògùn gidi kan fún un.

Kí n tún sọ èyí nítorí àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ò sí nínú ohun tí yanrìn lè dí lọ́nà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ti ìyẹn, kí ẹ gbà á kí ọ̀yẹ́ tó dé.

Télọ̀ Àpáta:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ìyá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Òjò ńlá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo mú agbòjò, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Omi orí páànù pọ̀ lóòótọ́, àárín ọgbà gan-an ló ń dà sí. Àgbàrá ò fi bẹ́ẹ̀ wá láti ojú títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dá, mo rí i pé omi ṣì ń ṣàn wọlé lápá ògiri. Mo tẹ̀lé e. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: tánkì lánlọ́ọ̀dù ni. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ bọ́họ̀ọ̀, tánkì á kún, á máa ya dànù láti ẹnu páìpù òkè, títí ẹni tó tàn án á fi rántí pa á. Ìdí ògiri ni omi náà ń gbà wá bá adìẹ mi. Mo wá rí ìdí tí ibẹ̀ kì í fi í gbẹ kódà nígbà tí òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Mo lọ bá Bàbá lánlọ́ọ̀dù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo ní mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kọnkéré tí wọ́n ní kí n dà. Inú wọn dùn. Mo wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tẹ̀lé mi wo ibì kan. A jọ dúró sídìí tánkì, wọ́n wo páìpù, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ọgbà adìẹ. Wọ́n ní, "Omi tí mò ń sanwó iná rẹ̀ nìyí?" Wọ́n ti pe púlọ́ńbà, pé kó so páìpù náà lọ sí gọ́tà, kó sì wo bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ máa pa ara rẹ̀ bí tánkì bá kún. Wọn ò tún dárúkọ kọnkéré mọ́.

Ọmọṣẹ́ mi ní kí n sọ fún yín pé òun ti gbọ́. Ó ti kó àjákù aṣọ fún ẹni tó ń ki tìmùtìmù.

Ìbéèrè méjì ló kù. Tí mo bá ń ha ilẹ̀ tí mo sì ń kó yanrìn dà, ibo ni kí n kó adìẹ sí? Ẹrẹ̀ tí mo bá ha, ṣé kí n dà á sídìí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tí ìyàwó mi gbìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?

Ìyá Ẹlẹ́yin Ìwó Road:

Tánkì! Ẹ ò rí nǹkan. O káre, o mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé wọn títí iṣẹ́ á fi parí, fún wọn ní omi àti oúnjẹ níbẹ̀, kí o so ẹ̀fọ́ díẹ̀ kọ́ sókè kí wọ́n máa fò sí i. Bí wọn ò bá rí nǹkan ṣe, ìyẹ́ ara wọn ni wọ́n á máa tu. Ìdajì ni kí o kọ́kọ́ ṣe bí ilé wọn bá há, kí o lé wọn sí ìdajì kejì. Dúró de ọjọ́ tí oòrùn bá yọ kí o tó ha ilẹ̀. Bó ṣe wà yẹn, ṣọ́bìrì ò ní gbé e, á kàn máa fà ni.

Má da ẹrẹ̀ yẹn sídìí ewédú báyìí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó ẹ̀fọ́. Kó o jọ sígun kan tó jìnnà sí ilé, pò ó mọ́ ewé gbígbẹ àti koríko, fi nǹkan bò ó kí òjò má wẹ̀ ẹ́ lọ, kí o máa yí i padà. Bí o bá rí i pé ó ti dúdú, tí kò rùn mọ́, tí o ò sì mọ èwo ni ewé èwo ni ìgbẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ lè bù ú lò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o ò béèrè: àkùkọ 3 ti pọ̀ jù fún àgbébọ̀ 16. Wọ́n á máa gun wọn lẹ́yìn títí ìyẹ́ á fi ṣí lára wọn. Méjì pàápàá tó o. Mú èyí tó burú jù nínú wọn lọ sọ́jà kí o tó pe onítípà, kí o fi owó rẹ̀ kún íǹṣì 2 tó kù.